Mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ àwo mi: èwo ni kí n mú nínú mẹ́rin yìí?

ÀwoDúdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú-tòde ẹ̀rọ àwo. Mo fẹ́ pààrọ̀ tèmi, ẹ bá mi dá sí i kí n tó náwó.

Èyí tí mò ń lò báyìí kéré. Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, apá á gbéra fúnra rẹ̀, á balẹ̀ sórí àwo, á sì padà sáyè rẹ̀ nígbà tí àwo bá tán. Bẹ́líìtì ló ń yí pléètì rẹ̀. Kátíríìjì rẹ̀, ilé kékeré tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ sí, kò ṣeé tú. Abẹ́rẹ́ nìkan ló ṣeé pààrọ̀, abẹ́rẹ́ olórí roboto sì ni. Kò sí ọmọ-ìwọ̀n tó ṣeé yí ní ìdí apá, kò sì sí anti-skate (ohun tó ń fa apá síta díẹ̀ kó má baà máa sáré lọ sí àárín àwo) tí ọwọ́ lè dé. Phono preamp (ẹ̀yà tó ń gbé ohùn kátíríìjì sókè kó tó dé áńpílífáyà) wà nínú rẹ̀, swíìṣì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yàn láàárín PHONO àti LINE.

Áńpílífáyà mi ń gbé 50 wáàtì jáde fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ihò PHONO tó wà fún kátíríìjì MM (moving magnet). Sípíkà méjèèjì àti ẹ̀rọ àwo jọ wà lórí tábìlì kan ṣoṣo.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rèé. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń sún mọ́ àárín àwo, níbi orin tó gbẹ̀yìn, gbogbo "s" àti "ṣ" ẹnu akọrin á máa ya. Dùùrù tí ohùn rẹ̀ bá fà gùn á máa mì lọ mì bọ̀. Tí mo bá sì yí ohùn sókè kọjá ìdajì, ìkùn kan á gbéra láti ìsàlẹ̀, á máa pọ̀ sí i títí á fi bo orin mọ́lẹ̀. Tí mo bá gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Mẹ́rin ni mò ń wò: Audio-Technica AT-LP120XUSB, Rega Planar 2, Pro-Ject Debut Carbon EVO, àti àlòkù Technics SL-1200MK2. Ṣé direct drive, èyí tí mọ́tọ̀ rẹ̀ ń yí pléètì tààrà, ni kí n mú àbí oníbẹ́líìtì? Ṣé dandan ni kí n ra phono preamp ọ̀tọ̀? Mi ò fẹ́ gbé ẹ̀rọ tuntun délé tán kí àìsàn àtijọ́ tún máa wò mí lójú.

IpaTóóró

Ẹ ṣeun tí ẹ to ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Àìsàn mẹ́ta lẹ kà sílẹ̀, ibi tí kálukú ti ń wá sì yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò ní í lọ bí ẹ bá tilẹ̀ ra ẹ̀rọ tó wọ́n jù láyé, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìkùn yẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Ohùn sípíkà ló ń gba ara tábìlì wọ inú ẹ̀rọ àwo. Abẹ́rẹ́ á gbé e fún áńpílífáyà, áńpílífáyà á fi agbára kún un, sípíkà á sì tún dá a padà sára tábìlì. Ẹ dán an wò: ẹ pa mọ́tọ̀ tó ń yí pléètì, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé àwo tó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ wá máa yí ohùn sókè díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ yín má kúrò lórí bọ́tìnnì. Bí ìkùn bá gbéra nígbà tí àwo kò yí rárá, ẹjọ́ ti dá. Ẹ fi ìka kan tábìlì náà. Bí ẹ bá gbọ́ "gbì" láti ẹnu sípíkà, ẹ̀rí kejì nìyẹn. Ká ní wáyà ẹ́ọ̀tì ló ń yọnu ni, ìkùn náà ì bá máa dún bó ṣe ń dún yálà abẹ́rẹ́ wà lórí àwo tàbí kò sí níbẹ̀.

Ẹ kó sípíkà kúrò lórí tábìlì yẹn, kí wọ́n ní ìdúró tiwọn. Fún ẹ̀rọ àwo fúnra rẹ̀, pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ló dára jù, pàápàá níbi tí ilẹ̀ ilé bá jẹ́ pákó tó ń mì nígbà tí èèyàn bá ń rìn. Ẹ má gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, báàsì máa ń wọ́ jọ síbẹ̀. Ẹ sì yọ ìdérí rẹ̀ kúrò pátápátá nígbà tí àwo bá ń kọ, nítorí pé pèpéle ike fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gba ohùn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì gbé e fún abẹ́rẹ́. Èyí kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ ṣe é lónìí, kódà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ẹ ní lọ́wọ́.

Ohùn dùùrù tó ń mì: ẹ má tíì dá bẹ́líìtì lẹ́bi. Ẹ wo apá láti iwájú nígbà tí àwo bá ń yí. Ní 33⅓, ìyípo kan gba ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Bí apá bá ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìyípo kọ̀ọ̀kan, tí ohùn náà sì ń mì bá a rìn, ihò àárín àwo ni kò sí ní àárín. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí ihò bá fi 0.5 mm péré yẹ̀, níbi tí ipa wà ní 100 mm sí àárín, ohùn á gòkè ní 0.5%, á sì tún sọ̀ kalẹ̀ ní 0.5%. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ kọ 0.2% sí lára fún mímì ìyára kò lè tún ìyẹn ṣe, èyí tí wọ́n kọ 0.025% sí náà kò lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé gbogbo àwo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí mímì náà kò sì bá ìyípo mu, nígbà náà bẹ́líìtì ti gbó, tàbí epo ti gbẹ nínú ihò ọ̀pá àárín, tàbí mọ́tọ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Bẹ́líìtì rọ́bà tó ti na máa ń dán lójú inú, ó sì máa ń tẹ́ bọrọgidi tí ẹ bá yọ ọ́ sílẹ̀, kò ní í fẹ́ padà sí bó ṣe rí. Àwo ìdánwò tó ní ohùn 3150 Hz àti áàpù orí fóònù tó ń ka ìyára tó láti mọ èwo ni.

"S" tó ń ya ló yẹ kó darí owó yín. Ní etí àwo, ipa ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 0.51 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí àárín, ó ti wálẹ̀ sí 0.21. Ohùn 10 kHz tó gba 51 µm ní etí wá ń gba 21 µm péré ní inú. Orí abẹ́rẹ́ roboto máa ń tó nǹkan bíi 15 µm láti àárín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kò lè wọ kọ̀rọ̀ tó há bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ ni yóò máa fò kọjá, ohun tí etí yín á sì gbọ́ ni yíya. Abẹ́rẹ́ olórí ẹyin, èyí tí wọ́n ń pè ní elliptical, ní ẹ̀gbẹ́ tó tó 8 µm. Microlinear tún tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ẹ ní kò gba kátíríìjì mìíràn, kò sì jẹ́ kí ẹ tún igun rẹ̀ ṣe. Ìdí gan-an tó fi yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn: kì í ṣe pléètì tàbí ẹwà pákó rẹ̀, apá àti kátíríìjì ni.

Pléètì_Ń_Yí

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ IpaTóóró, ó kan jẹ́ pé mi ò fojú kékeré wo mọ́tọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan.

AT-LP120XUSB: direct drive ni, 33⅓, 45 àti 78 ló ń yí. Apá rẹ̀ dà bíi lẹ́tà S, headshell rẹ̀ (orí apá tí kátíríìjì ń so mọ́) ṣeé yọ, gíga apá ṣeé yí, kátíríìjì AT-VM95E ló bá a wá, phono preamp wà nínú rẹ̀ tó ní swíìṣì. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rọ àwo kò ní rí olùkọ́ tó rọrùn ju èyí lọ. Àmọ́ kí ẹ má rò pé nítorí ó jọ Technics lójú, inú wọn jọ: 0.2% ni wọ́n kọ fún mímì ìyára rẹ̀, 0.025% ni ti SL-1200MK2. "Direct drive" lára páálí kò sọ ohun gbogbo.

Planar 2: apá RB220, pléètì gíláàsì oní 10 mm, kátíríìjì Rega Carbon. Bọ́tìnnì ìtànná kan ṣoṣo ló ní. Tí ẹ bá fẹ́ lọ láti 33⅓ sí 45, ẹ gbọ́dọ̀ gbé pléètì kúrò kí ẹ fọwọ́ sún bẹ́líìtì sí ọ̀nà kejì lára ọmọ-yíyí mọ́tọ̀. Ẹni tó ní àwo 45 rẹpẹtẹ á sunkún. Gíga apá kò ṣeé yí. Bí kátíríìjì tí ẹ fẹ́ bá ga jù, ìdí apá ni ẹ máa fi pèpéle oní 2 mm sí. Kò ní wáyà ẹ́ọ̀tì ọ̀tọ̀, inú wáyà ohùn ló ń gbà. Ìyẹn dára títí èèyàn á fi so kátíríìjì Grado mọ́ ọn: wọn kò bo èyí tó wọ́pọ̀ nínú Grado dáadáa lọ́wọ́ agbára mọ́tọ̀, ìkùn á sì máa pọ̀ sí i bí apá bá ṣe ń sún mọ́ àárín. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni mo rò pé ó máa wu ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn tó bá ti tò ó tán.

Debut Carbon EVO: bẹ́líìtì náà ni, ṣùgbọ́n 33⅓ sí 45 jẹ́ swíìṣì lábẹ́ rẹ̀, bẹ́líìtì mìíràn sì wà fún 78. Pléètì irin rẹ̀ wúwo tó 1.7 kg, wọ́n fi nǹkan rírọ̀ yí etí inú rẹ̀ kí ó má baà máa dún bí agogo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣeé yí kó lè dúró déédéé, apá ṣeé gbé sókè, ó sì ṣeé tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kátíríìjì Ortofon 2M Red ló ń bá a wá.

SL-1200MK2: 1979 ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n dá ìdílé SL-1200 dúró ní 2010, wọ́n sì mú un padà ní 2016. Mọ́tọ̀ rẹ̀ ṣòroó pa. Apá rẹ̀ ni ẹ ó yẹ̀ wò, nítorí ọ̀pọ̀ àlòkù yìí ló ti kọjá lọ́wọ́ àwọn tó ń fi àwo dá ìjó sílẹ̀. Tí ẹ bá dé iwájú rẹ̀, ẹ yí ọmọ-ìwọ̀n títí apá á fi léfòó ní gbọọrọ, kí anti-skate wà ní 0, kí ẹ wá fẹ́ ẹ lẹ́nu fẹ́ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ lọ síwá sẹ́yìn láìdúró níbì kan. Ẹ yí anti-skate sí 1: ó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ rọra sún síta. Ẹ fi ìka méjì di headshell mú, kí ẹ mì í díẹ̀ sókè-sódò. Bí ẹ bá gbọ́ "kẹ́" tàbí tí ẹ rí i pé ìdí apá yẹ̀, bíárìn ti bàjẹ́, ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sún ìyára sí 0: iná ewé á tàn, ọ̀wọ́ àmì tó tóbi jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pléètì á sì dúró gbári lójú iná pupa. Bí àwọn àmì náà bá ń rìn, ẹ ti rí ìdí láti dín owó. Ẹ yẹ wáyà ohùn ẹ̀yìn rẹ̀ wò: mọ́ ara ẹ̀rọ ni wọ́n ti jó o pọ̀, tó bá já, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tú inú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ra àlòkù láti orílẹ̀-èdè mìíràn, fólítéèjì lẹ ó kọ́kọ́ kà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó tún máa ń gba èèyàn lójú: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì àtijọ́ ń tẹ̀ lé ìgbọ̀nrìrì iná. Èyí tí wọ́n ṣe fún 60 Hz, tí ẹ bá so ó mọ́ 50 Hz, á fi ìdá mẹ́fà kan falẹ̀, 33⅓ á di 27.8, transformer tó tún fólítéèjì ṣe kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ọmọ-yíyí mìíràn tó tóbi jù ú lọ lẹ máa wá. Direct drive tó ní quartz (kírísítálì tó ń ṣàkóso ìyára mọ́tọ̀) kò ní wàhálà yìí.

ÀwoDúdú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti dán àwo tó dúró jẹ́ẹ́ wò: ìkùn gbéra. Sípíkà ti kúrò lórí tábìlì. Apá náà sì ń yẹ̀ lórí àwo méjì péré, kò yẹ̀ lórí àwọn tó kù.

Ó wá ku abẹ́rẹ́ àti kátíríìjì. Ṣé 2M Red ni àbí VM95E? Ọ̀rọ̀ preamp ńkọ́, ṣé kí n so LINE mọ́ ihò PHONO ni?

GíráàmùMéjì

Rárá o! Ẹ má so LINE mọ́ PHONO. Àwo kò gbé ohùn bó ṣe rí: nígbà tí wọ́n ń gé e, wọ́n máa ń dín báàsì kù, wọ́n sì máa ń fi kún ohùn òkè, ní ìlànà RIAA tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1954. Phono preamp ló ń dá a padà, á gbé 20 Hz sókè ní nǹkan bí 19 dB ju 1 kHz lọ, á rẹ 20 kHz sílẹ̀ ní bíi 20 dB, á sì fi nǹkan bí ìlọ́po 100 kún agbára ohùn kátíríìjì MM. Bí ohùn bá gba inú preamp méjì kọjá, báàsì á rin, ohùn á ya pátápátá. Bí kò bá gba ẹyọ kan kọjá, ẹ óò gbọ́ ohùn tín-ín-rín tó jìnnà réré, tí kò ní ìdí. Ihò PHONO áńpílífáyà yín tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi swíìṣì ẹ̀rọ sí PHONO, ẹ so wáyà ẹ́ọ̀tì mọ́ ìdè rẹ̀ lẹ́yìn áńpílífáyà, ó parí. Preamp ọ̀tọ̀ lè dúró dìgbà tí ẹ bá gbọ́ ìdí kan pàtó.

Lórí kátíríìjì, VM95 ni mo máa mú, ìdí kan ṣoṣo sì ni: gbogbo abẹ́rẹ́ ìdílé rẹ̀ ń wọ ara kan náà. C jẹ́ roboto, E jẹ́ ẹyin, EN jẹ́ ẹyin tí dáyámọ́ńdì rẹ̀ jẹ́ odindi, ML jẹ́ microlinear, SH jẹ́ Shibata, SP sì wà fún àwo 78. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E tó bá ẹ̀rọ wá, tó bá gbó, ẹ ra abẹ́rẹ́ ML. Audio-Technica fúnra wọn ní kí èèyàn ka wákàtí 300 fún ẹyin, 500 fún roboto, 800 fún Shibata àti 1000 fún microlinear, torí náà ML tó wọ́n ń san owó rẹ̀ padà pẹ̀lú ọjọ́ gígùn. 2M náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ Blue ń wọ ara Red. Bronze àti Black ní ara tiwọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò ni pF (picofarad), òṣùwọ̀n capacitance tí wáyà àti ihò PHONO ń gbé ka kátíríìjì lórí. VM95 fẹ́ 100 sí 200 pF lápapọ̀, 2M Red fẹ́ 150 sí 300, àwọn méjèèjì sì fẹ́ 47 kΩ. Wáyà ohùn lè gbé bíi 100 pF fún mítà kọ̀ọ̀kan, ihò PHONO áńpílífáyà náà ní tirẹ̀, ẹ wò ó nínú ìwé rẹ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá lọ sí 400, ohùn òkè á hù bí ìwo nítòsí 10 kHz, lẹ́yìn náà á wó lulẹ̀; "s" tí ẹ ń sá fún á tún padà. Wáyà kúkúrú ni oògùn rẹ̀.

Apá àti kátíríìjì tún gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ẹ ro ìwọ̀n apá, kátíríìjì àti síkúrùù pọ̀ ní gíráàmù, ẹ fi compliance (bí ìdí abẹ́rẹ́ ṣe rọ̀ tó, ó wà nínú ìwé kátíríìjì) lọ́po rẹ̀, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀ kejì, kí ẹ fi í pín 159. Èsì yẹ kó bọ́ sáàárín 8 sí 12 Hz: tó bá rẹlẹ̀ jù, àwo tó wọ́ á máa ju apá sókè, tó bá ga jù, ó ti ń dé ìdí orin. Apá SL-1200MK2 jẹ́ 12 g, 2M Red jẹ́ 7.2 g, síkúrùù 0.8 g: 20 g. Compliance 2M Red jẹ́ 20. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 20, 159 pín sí 20 jẹ́ 7.95 Hz. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Kì í pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àwo tó wọ́, ẹ óò rí kónù báàsì sípíkà tó ń jó láìsí ìlù. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú òǹkà àwọn ará Japan: ní 100 Hz ni wọ́n sábà máa ń wọn compliance, ẹ fi 1.5 sí 2 lọ́po rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ìṣirò yìí.

Títò rẹ̀. Ẹ yọ iná. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé orí pléètì, kì í ṣe orí pákó ara ẹ̀rọ, kí ẹ tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ìdérí abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò títí ẹ ó fi so wáyà tán: funfun ni òsì olóhùn, búlúù ni òsì ilẹ̀, pupa ni ọ̀tún olóhùn, ewé ni ọ̀tún ilẹ̀. Orí wáyà kékeré wọ̀nyẹn ni kí ẹ fi ẹ̀mú dì mú, kì í ṣe ara wáyà, nítorí pé ibi tí wọ́n jó pọ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ihò síkúrùù méjèèjì jìnnà síra ní 12.7 mm, ẹ dè wọ́n ní ìwọ̀nba kí kátíríìjì ṣì lè rìn.

Ẹ yọ ìdérí abẹ́rẹ́, ẹ fi anti-skate sí 0, ẹ yí ọmọ-ìwọ̀n títí apá á fi léfòó. Ẹ di ọmọ-ìwọ̀n mú, ẹ yí òrùka oníṣirò iwájú rẹ̀ nìkan sí 0. Ẹ wá yí méjèèjì pọ̀ dé 2.0 fún VM95, 1.8 fún 2M Red. Òrùka yẹn lè purọ́, torí náà ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré fún abẹ́rẹ́ ṣàyẹ̀wò rẹ̀, kí orí òṣùwọ̀n wà ní gíga tí ojú àwo máa ń wà. Ẹ má sọ pé "tó bá fúyẹ́ á dáàbò bo àwo". Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù á máa fò nínú ipa, ìgbà tó bá balẹ̀ padà ló ń gbẹ́ ògiri ipa jẹ. Fún VM95, 1.8 sí 2.2 ni àyè rẹ̀, ẹ dúró sí àárín.

Ìwé igun ló kàn, èyí tó ní ojú ibi méjì, ní 66.0 àti 120.9 mm sí àárín. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé méjèèjì, kí ẹ sún kátíríìjì títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi bá ìlà mu níbi méjèèjì. Ara kátíríìjì lẹ ń wò nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n irin tín-ín-rín tí abẹ́rẹ́ so mọ́ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Technics ní ọ̀nà tirẹ̀ fún SL-1200: 52 mm láti ìdí headshell, níbi tí rọ́bà rẹ̀ wà, dé orí abẹ́rẹ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ dúró tì í. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ tún ìwúwo wọ̀n, nítorí pé sísún kátíríìjì ti yí i padà.

Apá gbọ́dọ̀ tẹ́jú bá ojú àwo nígbà tí àwo bá wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ fi dígí kékeré sábẹ́ rẹ̀ láti rí i pé kátíríìjì kò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Anti-skate: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òǹkà kan náà tí ìwúwo wà, kí ẹ wá fi etí tún un ṣe. Bí sípíkà ọ̀tún bá kọ́kọ́ ń ya, ẹ fi kún un. Bó bá jẹ́ òsì, ẹ dín in.

Pléètì_Ń_Yí

Ẹnì kan á tó dé tí yóò sọ fún yín pé kí ẹ lọ gba kátíríìjì MC (moving coil) tààrà. Ẹ dáhùn pé ó dìgbà kan ná. Denon DL-103, bí àpẹẹrẹ, ń mú 0.3 mV wá. 2M Red ń mú 5.5 wá. Ihò MM yín kò lè gbé 0.3 yẹn sókè tó, ohùn afẹ́fẹ́ ni ẹ ó máa gbọ́. Ó tún ń fẹ́ 2.5 g, compliance rẹ̀ kéré, apá tó wúwo ló sì yẹ ẹ́. Olórí roboto sì ni, a kò ṣe é fún ẹni tí "s" inú àwo ń dà láàmú.

ÀwoDúdú

Ó yé mi. Mo ń lọ fún AT-LP120XUSB pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ML tó bá yá, àfi tí mo bá rí SL-1200MK2 tí apá rẹ̀ dára lójú mi. Ìbéèrè tó kẹ́yìn: tí mo bá ń fi ML rọ́pò E, ṣé gbogbo títò yẹn ni mo tún máa ṣe?

GíráàmùMéjì

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ pa áńpílífáyà, ẹ yọ headshell kúrò lára apá, ẹ di ara kátíríìjì mú ṣinṣin lọ́wọ́ kan, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di ike abẹ́rẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ rọra fà á kúrò. Ìka kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ irin tín-ín-rín yẹn. Tuntun á wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ́". Ẹ tún ìwúwo wọ̀n, ẹ sì yẹ igun rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i: microlinear kì í dárí ji igun tó yẹ̀ bí roboto ti ń ṣe. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì abẹ́rẹ́ nù ún láti ẹ̀yìn wá síwájú nìkan, ṣáájú ẹ̀gbẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan, torí pé eruku tó dì mọ́ orí rẹ̀ á ya "s" bíi kí abẹ́rẹ́ ti gbó.

Tí "s" bá ṣì ń ya lórí àwo kan ṣoṣo lẹ́yìn gbogbo èyí, tí àwọn tó kù mọ́, ẹ má tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ tó wúwo tàbí tó ti gbó ti gbẹ́ ipa àwo yẹn jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ẹ̀dà mìíràn rẹ̀ kí ẹ fi wé e.